Òrùlé pẹlẹbẹ kan ní Bódìjà: ohun tí a fi rọ́pò asbestos àti ìdí tí a fi yàn án

Ilé tí mò ń sọ yìí wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, lápá ibi tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́sí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, kò ní òkè. Òrùlé rẹ̀ ga níwájú, ó wá rọra dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn lójú kan ṣoṣo, kò ní góńgó láàárín. Ògiri iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yọ sókè ju òrùlé lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró lójú títì kò lè rí ohun tí wọ́n fi bolé. Asbestos ni.

Màmá tó ni ilé náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tipẹ́. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, Màmá náà ni n ó sì máa pè wọ́n. Ọmọkùnrin wọn àgbà wà ní London, òun ló fẹ́ sanwó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà n'Ìbàdàn níbí, òun ló ń sáré kiri lórí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ilé ni mò ń ṣe, wọ́n sì pè mí kí n wá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n rà, torí kò sẹ́ni tó délé náà tí kò ní ọjà tirẹ̀ tó ń polówó.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London ti rí páànù olókùúta wẹ́wẹ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Gerard lórí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Lẹ́kí, ó sì ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àbúrò rẹ̀ ń fẹ́ step tile, ìyẹn páànù alátẹ̀gùn, aláwọ̀ pupa. Káfíńtà kan ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣí asbestos, kí wọ́n kan páànù tuntun lé e lórí, ó parí. Mọ̀lẹ́bí kan ní kí wọ́n da dẹ́kìn sí i, bóyá wọ́n á lè kọ́ òkè lé e lọ́jọ́ iwájú. Màmá ní tiwọn ò sọ púpọ̀: "Ẹ ṣáà bá mi ṣe èyí tí kò ní í jò. Bó ṣe rí lójú ò kàn mí, kò kúkú sẹ́ni tó ń rí i."

Kí n tó gun òkè, inú ilé ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àpá omi wà lára àjà, ṣùgbọ́n kò wà káàkiri bó ṣe máa ń wà nínú ilé tí páànù rẹ̀ ti lu. Ìlà méjì gbọọrọ ló fà, láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀, ó gba orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó wọ yàrá Màmá. Èkejì wà lápá ẹ̀yìn, ó gba orí kíṣìnnì. Àpá kẹta wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn sì ń wálẹ̀ lára ògiri.

Asbestos kì í gùn. Láti iwájú ilé yìí dé ẹ̀yìn jẹ́ mítà 9, nítorí náà ipele mẹ́ta ni wọ́n tò ó sí, tí ti òkè gun orí ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí a gbé àkàbà tì í, tí a sì wọn ibi tí ipele kan ti gun èkejì, abẹ́ ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlà méjì inú ilé wà. Asbestos fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lu, yàtọ̀ sí ojú ibi mélòó kan tó sán. Ibi ìpàdé ni omi ń gbà wọlé. Ọ̀dà dúdú tí àwọn káfíńtà ti ń yí síbẹ̀ lọ́dọọdún ti nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, oòrùn sì ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la wọn bí òrùlé náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. Rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà fi ń wá lẹ́fẹ̀lì la lò: a rọ omi kún un, ọmọ iṣẹ́ káfíńtà di orí kan mú níwájú, èmi di èkejì mú lẹ́yìn, a dúró títí omi fi dákẹ́ nínú rẹ̀, a sì sàmì sára ògiri. Ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 92 lórí mítà 9. Kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ dáadáa, kò sì pé dìgírì 6. Láti ibẹ̀ lọ, nọ́ńbà yìí ló ń bá wa yan ọjà.

Ohun tó fà á ni pé bí òrùlé bá ṣe tẹ́ tó ni omi ṣe máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ tó. Bí ìjì bá sì ń fẹ́, ó lè ti omi padà sókè wọ abẹ́ páànù. Kódà láìsí ìjì, omi a máa fà wọ àárín ohun méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Àwọn baba wa tó ń fi koríko bẹẹrẹ àti ewé gbọdọgí bolé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òrùlé wọn ga ṣóńṣó, torí ewé kò lè dá omi dúró. Àfi kí omi yára kúrò lórí rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ya àwòrán ilé pẹlẹbẹ fún wa ní tiwọn gbẹ́kẹ̀ lé ohun ìbolé, wọ́n sì fi ibi ìpàdé sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Gerard ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ẹni tó fẹ́ ẹ ló ń sanwó. Ọjà tó dáa ni, mi ò ní í bà á lórúkọ jẹ́. Àmọ́ pátákó kéékèèké ni: gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.3, ìbú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ogójì sẹ̀ǹtímítà lọ. Tí a bá tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí mítà 9, ó máa ju ogún ipele lọ. Ìyẹn ni pé dípò ìlà méjì tó ń jò, a fẹ́ lọ fowó ra ogún mìíràn. Àwọn tó ń ṣe irú páànù yìí fúnra wọn máa ń béèrè pé kí òrùlé dagẹ̀rẹ̀ tó dìgírì 12 sí 15 kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí i. Mo ya àwòrán ipele náà sórí ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí London. Èsì tó wá ni: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀dà di àárín rẹ̀ ni?" Mo ní ọ̀dà tí Màmá ti ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn.

Step tile yàtọ̀ díẹ̀, torí alumíníọ̀mù ni, wọ́n sì lè gé e gùn. Ìṣòro tirẹ̀ wà lójú àtẹ̀gùn tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Àárín àtẹ̀gùn kan sí èkejì tẹ́ ju òrùlé fúnra rẹ̀ lọ. Lórí òrùlé tó ga, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lórí òrùlé tí kò pé dìgírì 6, ojú ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dagẹ̀rẹ̀ mọ́: eruku ọyẹ́ á dúró síbẹ̀, ewé máńgòrò á dúró síbẹ̀, omi náà á sì bá wọn dúró.

Ẹ̀gbọ́n London kò tíì jọ̀wọ́ Gerard rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé gíga ló kù, kí a gbé òrùlé ga, kí a ṣe é lójú méjì, kó ní góńgó láàárín. Èrò gidi ni, ó sì yẹ kéèyàn ṣírò rẹ̀. Mítà 4.5 ló máa wà lójú kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó lè jẹ́ dìgírì 15, góńgó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.2. Igi tuntun nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti búlọ́ọ̀kù tí wọ́n máa fi gbé ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sókè. Owó kọ́ ló pa èrò náà, ibi tí omi máa gbà ló pa á. Ìdajì omi òjò á wá máa ṣàn síwájú, níbi tí ògiri ti yọ sókè dí i lọ́nà. À fi kí a wó ògiri iwájú, tàbí kí a la gọ́tà sáàárín ògiri àti òrùlé, lókè pálọ̀ Màmá gan-an. Gọ́tà inú ilé, níbi tí igi máńgòrò wà! Ọjọ́ tí ewé bá dí i ni omi máa wọ pálọ̀.

Ti dẹ́kìn kò gba àkókò. Dẹ́kìn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ń wọn nǹkan bíi 360 kílò lórí mítà kan níbùú lóòró. Asbestos ayé ọjọ́sí kò ju nǹkan bíi 15 lọ. Lórí ilé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 9, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 13, tọ́ọ̀nù 42 ni a fẹ́ gbé lé ògiri àti ìpìlẹ̀ tí wọn ò ṣe fún un. Àti pé dẹ́kìn náà ń jò. Ẹni tó bá rò pé kì í jò kò tíì gbé abẹ́ rẹ̀ rí. Shingle, ìyẹn àwẹ́ kéékèèké olọ́dà dúdú tí wọ́n ń tà l'Ékòó báyìí, nílò ju dìgírì 9 lọ, ó tún nílò pákó pẹlẹbẹ lábẹ́ rẹ̀. Felt, ìyẹn ìtẹ́lẹ̀ olọ́dà dúdú tí wọ́n ń fi iná yọ́ lẹ̀ mọ́lẹ̀, lè gba òrùlé pẹlẹbẹ, àmọ́ oòrùn tiwa kì í jẹ́ kó dàgbà.

Ti káfíńtà tó ní ká kan páànù lé asbestos lórí ló bí mi nínú. Kí èèyàn tó lè kàn án, ó gbọ́dọ̀ lu asbestos ní ihò lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún, eruku rẹ̀ á sì bọ́ sínú àjà. Ẹ̀ka ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka asbestos mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀yà rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè gba ogún tàbí ogójì ọdún kí àrùn tó yọjú. Bìrìtéènì ti fòfin dè é pátápátá láti 1999. Ẹ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

Ohun tó kù ni long span alumíníọ̀mù, èyí tí gegele rẹ̀ ga, kì í ṣe ìgbì wẹ́wẹ́. Ohun tó mú mi yàn án ni pé ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde láti ara kọ́ìlì, ìyẹn alumíníọ̀mù tí wọ́n ká jọ bí ẹní, ibi téèyàn bá fẹ́ ni wọ́n á gé e dé. A ní kí wọ́n gé e ní mítà 9.8, láti abẹ́ ògiri iwájú títí dé ẹnu gọ́tà ẹ̀yìn. Kò sí ibi tí ipele kan ti máa gun òmíràn rárá. Ìlà méjì tó ń jò parẹ́. Fún àwọ̀, ọ̀rọ̀ Màmá la tẹ̀ lé: kò sẹ́ni tó ń rí i, nítorí náà funfun ni, torí funfun kì í gba ooru mọ́ra bíi pupa.

A fẹ́ kó nípọn tó mìlímítà 0.55. Ibí yìí ni àwọn oníbàárà ti ń jìyà jù lọ́jà páànù, torí 0.45 ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Òṣùwọ̀n kíṣìnnì mọ̀ ọ́n. Bí kọ́ìlì náà bá fẹ̀ ní mítà 1.2, gígé tó gùn ní mítà kan gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bíi 1.8 kílò tó bá jẹ́ 0.55 lóòótọ́, bó bá jẹ́ 0.45, kò ní í pé 1.5. Ibi tí a kọ́kọ́ dé, wọ́n búra pé 0.55 ni. A ní kí wọ́n fún wa ní àjákù tó gùn ní mítà kan, àbúrò gbé e lé òṣùwọ̀n tó fi ń wọn fúláwà: 1.46. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a kúrò níbẹ̀.

Ṣíṣí asbestos la fi sí àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Màmá lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. A fi omi tí a pò mọ́ ọṣẹ díẹ̀ rin ín gbingbin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, torí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan. Wọ́n tú ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lódindi; ẹni tó bá fẹ́ jù ú sílẹ̀, mo ti sọ fún un ṣáájú pé owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jù. Ìbòmú tí wọ́n ṣe fún eruku wẹ́wẹ́ ni wọ́n lò, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n wé mọ́mú. Ọ̀rá nínípọn la fi wé e ní ìlọ́po méjì, ọkọ̀ sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti máa bò ó mọ́lẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń wá tọrọ rẹ̀, ọ̀kan fẹ́ fi kọ́ ilé adìyẹ, òmíràn fẹ́ fi sọ ọgbà. A ò fún ẹnì kankan. Àjà ilé náà tún ní tirẹ̀, torí asbestos ni pátákó àjà ìgbà yẹn pẹ̀lú. Yàrá méjì tí omi ti bà jẹ́ la yọ. Èyí tó kù ṣì le, a kùn ún, a fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn.

Igi òrùlé ṣì dára púpọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn tó wà lábẹ́ ìlà méjì yẹn nìkan ló jẹrà. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí káfíńtà kò rò, tí ọ̀pọ̀ èèyàn náà kì í rò. Asbestos ń wọn 15 kílò lórí mítà kan níbùú lóòró. Long span tuntun kò pé 2. Ìwúwo tó ń di òrùlé náà mọ́lẹ̀ láti ọdún yìí wá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ti lọ. Òrùlé pẹlẹbẹ ni ìjì sì máa ń fà sókè jù, torí atẹ́gùn tó bá kọjá lórí rẹ̀ ń fà á ni, kì í tì í. Nítorí náà kí páànù kankan tó gun òkè, a fi irin pẹlẹbẹ di igi kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri, a lu ún wọnú búlọ́ọ̀kù ní ipele méjì sísàlẹ̀. A tún fi igi kún èyí tí wọ́n máa kan páànù mọ́, kí àárín wọn má ju 90 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ̀gbọ́n London bi mí pé kí ni irin tó wà nínú ìwé owó náà wà fún. Mo sọ fún un, ó sanwó.

Páànù kọ̀ọ̀kan kò ju kílò 18 lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe gùn, ó fẹ́ ká. Èèyàn mẹ́rin ló ń gbé e, wọ́n dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà téèyàn gbé dígí. Apá ìwọ̀-oòrùn la ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, torí ìjì òjò tiwa láti ìlà-oòrùn ló ń wá. Bí a bá tò ó báyìí, ẹnu ibi tí páànù kan ti gun èkejì kọ ẹ̀yìn sí ìjì. Síkúrù onírọ́bà la lò, orí gegele la gbà á sí, a ò gba ọ̀kankan sínú kòtò tí omi ń gbà. A kò sì dì í le koko. Páànù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ̀, ó máa ń sún kì, tó mìlímítà 9 láàárín òwúrọ̀ kùtù àti ọ̀sán gangan. Ohun tó ń yọ ìṣó òrùlé díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, àwọn èèyàn á ní àjẹ́ ni.

Iṣẹ́ tó wù mí jù níbẹ̀ wà lókè pátápátá, lábẹ́ ògiri iwájú. Káfíńtà mú ẹ̀mú, ó dúró lórí pákó, ó ń ká ẹnu kòtò kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni ká etí ìwé, kí omi tí ìjì bá tì padà lè kọlu ibẹ̀ kó sì yí padà. Nísàlẹ̀, lẹ́nu gọ́tà, ó tẹ ti ibẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí omi má bàa tẹ̀ lé abẹ́ páànù padà sínú ilé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá òun tó ti kú ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà ni kì í fẹ́ dúró dè é. Lẹ́bàá ògiri, a la ojú ògiri, a ki páànù tí a ká sínú rẹ̀, kí sìmẹ́ǹtì tó bò ó. A kọ́kọ́ fi ọ̀dà dúdú pa ibi tí yóò kan sìmẹ́ǹtì tútù, torí sìmẹ́ǹtì tútù ń jẹ alumíníọ̀mù. Níkẹyìn, ọ̀dà rí iṣẹ́ gidi ṣe nílé náà.

Sólà wọnú ọ̀rọ̀ náà nígbà tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ̀gbọ́n London ń ṣàníyàn pé òrùlé pẹlẹbẹ ò ní í gbà á. Ó gbà á dáadáa. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi dìgírì 7 sí òkè ìlà agbedeméjì ayé, òrùlé náà sì dagẹ̀rẹ̀ sí gúúsù ní dìgírì bíi 6. Kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé panẹ́lì kọjú sí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó kàn kù ni pé eruku kò ní í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn kúrò fúnra rẹ̀, wọ́n á máa fọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́. Ara gegele, níbi tí igi wà lábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n dè é mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì, ilé gbẹ. Ohun tí Màmá fi pè mí ni ariwo: wọ́n ní asbestos kì í pariwo, pé eléyìí ń ké bí ẹni ń da èkùrọ́ sínú agbada. Òótọ́ ni. A ti tẹ́ fóòmù olójú fàdákà sábẹ́ rẹ̀, ó dín ooru kù, ó dín ariwo kù díẹ̀, kò pa á. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rántí, àmọ́ wọ́n ṣì fẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Láàárín òjò oṣù kẹfà, omi kán sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó wá gbé díìsì tẹlifíṣọ̀n ti gun òkè nígbà tí kò sẹ́ni ńlé, ó kan ìṣó mẹ́rin sínú kòtò páànù, ó sì tẹ páànù mọ́lẹ̀ láàárín igi méjì. Díìsì ti bọ́ sára ògiri báyìí, a fi àwẹ́ páànù onígọ́ọ̀mù dí ihò ìṣó, àbúrò sì ti gbé àkàbà wọ inú ilé.

Ẹ̀gbọ́n London ti ń béèrè garáàjì báyìí, pé kí a fi long span tó ṣẹ́kù bò ó. Garáàjì náà kò ju mítà 5 lọ, ṣùgbọ́n dìgírì 3 péré ló fi dagẹ̀rẹ̀, ìyẹn kéré jù fún long span pàápàá. Bí a bá fi igi gbé apá iwájú rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 25, yóò bá ti ilé dọ́gba. Káfíńtà ti ka igi tó máa gbà, iye rẹ̀ sì ti wà lórí WhatsApp láti àná.